Bí Ọ̀bẹ Mú Tó, Kò Lè Gbẹ́ Èkù Ara Rẹ̀: Àríyànjiyàn Lórí Awólọ́wọ̀ àti Ipò Olórí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bí a bá ń wá ẹni tí òwe yìí bá ìtàn rẹ̀ mu nínú ìṣèlú Nàìjíríà, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni a ó kọ́kọ́ kàn. Láti ọdún 1954 títí di ọdún 1983, ìbéèrè kan náà ni àwọn ènìyàn ń bi ara wọn nípa rẹ̀ lọ́jà, nínú ọkọ̀, nílé ẹjọ́ àti nínú ìwé ìròyìn: ǹjẹ́ ọkùnrin yìí yẹ ní ẹni tí a lè gbé ìjọba lé lọ́wọ́? Àwọn kan fi ọwọ́ sọ̀yà pé kò sí ẹni tí ó yẹ tó o. Àwọn mìíràn ní bí ó bá lè dé orí àlééfà, ilé yóò tú. Nínú àròkọ yìí, a ó gbìyànjú láti wo ohun tí ìhà méjèèjì rí, kí á sì bi ara wa léèrè ohun tí ọ̀rọ̀ náà "yíyẹ" túmọ̀ sí gan-an.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa olùkọ́ ní agbègbè Ìbàfò àti Mowe gbọ̀ngbọ̀n. Ìlú wa ti di ibùdó àwọn ènìyàn láti ibi gbogbo, tí ọ̀pọ̀ wọn ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó tí wọ́n sì ń sùn lọ́dọ̀ wa. Nínú kíláàsì kan ṣoṣo, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Ìgbò, ọmọ Ègùn àti ọmọ Úròbò lè jókòó pọ̀. Bí olùkọ́ bá dárúkọ Awólọ́wọ̀, ọmọ kan lè rántí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí bàbá àgbà rẹ̀ jẹ àǹfààní rẹ̀. Ọmọ tí ó jókòó tì í lè rántí pọ́ùn 20 tí wọ́n fún bàbá àgbà tirẹ̀ lẹ́yìn ogun. Àwọn ọmọ méjèèjì kò purọ́. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti wá ọ̀nà tí ìtàn méjèèjì yóò fi gba inú kíláàsì kan.

Kí á tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ kí á mú àṣìmọ̀ kan kúrò lọ́nà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé torí Awólọ́wọ̀ ni wọ́n ṣe ń pe ìjọba ìbílẹ̀ wa ní Ọbáfẹ́mi-Owódé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọbáfẹ́mi jẹ́ orúkọ ìlú kan, gẹ́gẹ́ bí Owódé náà ti jẹ́ ìlú. Ìkẹ́nnẹ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, lẹ́yìn Ṣágámù, ni ìlú Awólọ́wọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí i sí ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹta, ọdún 1909.

Ọkùnrin náà àti ètò rẹ̀

Awólọ́wọ̀ wà lára àwọn tí ó dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1945. Ní 1951, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group jáde. Àmì ẹgbẹ́ náà ni igi ọ̀pẹ, orúkọ Yorùbá tí wọ́n sì fún un ni Afẹ́nifẹ́re. Láti 1954 dé 1959, òun ni Olórí Ìjọba ní Apá Ìwọ̀-Oòrùn.

Èrò rẹ̀ nípa ìjọba ṣe tààrà: ìjọba ni ó gbọ́dọ̀ gbé ẹrù ẹ̀kọ́, ìlera àti iṣẹ́ àwọn mẹ̀kúnnù rù. Lẹ́yìn òmìnira, ó pe èrò yìí ní sósíálíìsì ti ìjọba tiwa-n-tiwa, ó sì ṣe àlàyé rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ nínú ìwé rẹ̀ The People's Republic tí ó jáde ní 1968. Irú ẹgbẹ́ tí ó bá ní èrò báyìí ni àwọn Òyìnbó ń pè ní ẹgbẹ́ apá òsì. Orúkọ náà ti ilẹ̀ Faransé wá. Ní 1789, ọwọ́ òsì alága ni àwọn tí ó fẹ́ àyípadà jókòó sí nínú ìgbìmọ̀ wọn, nígbà tí àwọn tí ó fara mọ́ ọba jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún.

Ṣùgbọ́n Awólọ́wọ̀ kì í ṣe ọmọlẹ́yìn Karl Marx. Ó gbà pé kí ènìyàn ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ agbẹjọ́rò tí ó rí já jẹ. Nítorí náà, àwọn tí èrò wọn le ju tirẹ̀ lọ ní kò rìn jìnnà tó, àwọn ọlọ́rọ̀ sì ní ó ti rìn jìnnà jù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ìhà méjì ti ń fà á.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti ìbò ọdún 1954

Ọ̀pọ̀ ọmọ ìwé gbà pé gbogbo Yorùbá ló fi ìlù àti ijó gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Kí ètò náà lè bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba nílò owó, wọ́n sì gbé owó-orí tuntun lé àwọn ènìyàn lórí. Àwọn òbí bínú. Àgbẹ̀ tí ó ń fi ọmọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lóko bèèrè pé ta ni yóò máa ro oko bí gbogbo ọmọ bá lọ sí ilé ìwé. Ní Ìbàdàn, Adégòkè Adélabú àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré rárá. Nígbà tí wọ́n dìbò sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àpapọ̀ ní 1954, ẹgbẹ́ NCNC gba ìjókòó 23 ní Apá Ìwọ̀-Oòrùn, Action Group sì gba 18. Ní ilé ara rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ fún un pé kò tíì yẹ.

Awólọ́wọ̀ kò yí ètò padà. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 di ohun tí ó lé ní 811,000 ní 1955. Kíláàsì kún àkúnya, olùkọ́ tí ó gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ kò sì tó. Àwọn alátakò ní ìwọ̀n ẹ̀kọ́ ti jó rẹ̀yìn, ẹ̀rí sì wà fún ohun tí wọ́n wí. Síbẹ̀, nígbà tí ìbò ìjọba Apá Ìwọ̀-Oòrùn dé ní 1956, Action Group gba ìjókòó 48 nínú 80. Àwọn kan lára àwọn tí owó-orí dùn ti rí ọmọ wọn tí ń kàwé. Ní 1959, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Láti ìgbà náà lọ, bóyá ni ẹnikẹ́ni tún sọ pé Awólọ́wọ̀ kò mọ iṣẹ́ ìjọba. Ọ̀tá rẹ̀ gan-an kì í sọ bẹ́ẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé àríyànjiyàn tí ó tẹ̀lé e kò dá lórí bóyá ó lè ṣe iṣẹ́ náà. Ó dá lórí ẹni tí yóò ṣe é fún, àti irú ọwọ́ tí yóò fi mú àwọn tí kò bá tẹ̀lé e.

Ìjà inú ilé, 1962

Ní òpin 1959, Awólọ́wọ̀ fi ipò Olórí Ìjọba sílẹ̀, ó lọ sí Èkó láti jẹ́ Olórí Alátakò nínú Ilé Ìgbìmọ̀ àpapọ̀. Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá gba ipò rẹ̀ ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n Awólọ́wọ̀ ni ó ṣì jẹ́ olórí ẹgbẹ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Akíntọ́lá rò pé ó yẹ kí Yorùbá bá ẹgbẹ́ NPC tí ó wà lórí ìjọba àpapọ̀ ṣe pọ̀, kí ìpín tiwa má bàa fò wá ru. Awólọ́wọ̀ rò pé iṣẹ́ alátakò ni láti ṣàtakò, kí ẹgbẹ́ sì fi sósíálíìsì wá ọmọlẹ́yìn káàkiri Nàìjíríà, láàrin àwọn tálákà Àríwá pàápàá. Ní ìpàdé àpapọ̀ ẹgbẹ́ ní Jọ́ọ̀sì, nínú oṣù Kejì 1962, ìyàtọ̀ náà hàn sí gbangba.

Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì. Lójú àwọn tí ó wà lẹ́yìn Akíntọ́lá, Awólọ́wọ̀ jẹ́ ẹni tí ó ti kó jáde nílé tí kò sì fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí kò lè jẹ́ kí igbákejì rẹ̀ mí, irú ààrẹ wo ni yóò jẹ́? Lójú àwọn tí ó wà lẹ́yìn Awólọ́wọ̀, ẹgbẹ́ ni ó ni ètò, ẹgbẹ́ ni ó sì gbé Akíntọ́lá sípò. Ìránṣẹ́ tí ó bá yí iṣẹ́ tí wọ́n rán an padà ti di ẹlòmíràn. Ohun tí ìhà kan ń pè ní orí kunkun ni ìhà kejì ń pè ní ìdúróṣinṣin, ìwà kan náà sì ni.

Ní ọjọ́ 25, oṣù Karùn-ún 1962, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Ìbàdàn. Àga fò, ọlọ́pàá sì fi tajútajú lé àwọn aṣòfin jáde. Ìjọba àpapọ̀ kéde ipò pàjáwìrì, wọ́n sì fi Dókítà Májẹ̀kódùnmí ṣe alákòóso. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí Coker kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà rí i pé owó ti gba ilé iṣẹ́ kan tí a mọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ kọjá, láti inú owó Bọ́ọ̀dù tí ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, bọ́ sínú àpò Action Group. Wọ́n di ẹ̀bi náà ru Awólọ́wọ̀, wọ́n sì wẹ Akíntọ́lá mọ́. Àwọn ọmọlẹ́yìn Awólọ́wọ̀ bèèrè bí ó ti ṣe jẹ́ pé nínú ilé kan náà, ẹnì kan ni ó dọ̀tí tí èkejì sì mọ́ tónítóní. Ìbéèrè gidi ni, nítorí pé alátakò rẹ̀ ni ó gbé ìgbìmọ̀ náà kalẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ òtítọ́ kò gbọ́dọ̀ fi ìbéèrè yẹn bo ọ̀rọ̀ owó àgbẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó ní òun ń jà fún mẹ̀kúnnù gbọ́dọ̀ dáhùn fún owó mẹ̀kúnnù.

Ọdún 1962 kò tíì parí tí wọ́n fi gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, pé òun àti àwọn kan ń gbìmọ̀ láti fi ipá gba ìjọba, àti pé wọ́n rán àwọn ènìyàn lọ kọ́ iṣẹ́ ogun ní Gánà. Ìjọba kò jẹ́ kí agbẹjọ́rò tí ó fẹ́ mú wá láti òkè òkun wọ ìlú. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹsàn-án 1963, Adájọ́ Ṣówẹ̀mímọ́ rán an lẹ́wọ̀n ọdún 10.

Ìjà náà wọ inú eré àti èdè wa. Ní 1964, Hubert Ògúndé, ọmọ Ososa nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, gbé eré Yorùbá Ronú jáde. Ìjọba Akíntọ́lá rí ara rẹ̀ nínú eré náà, wọ́n sì fòfin dè é pé kò gbọ́dọ̀ ṣeré mọ́ ní Apá Ìwọ̀-Oòrùn. Ìjọba ológun Fájuyì ni ó tú u sílẹ̀ ní 1966. Orúkọ "Dẹ́mọ̀", tí àwọn ènìyàn fi ń pe ẹgbẹ́ tuntun tí Akíntọ́lá dá sílẹ̀ ní 1964, di èébú láàrin Yorùbá. Lẹ́yìn ìbò èrú ti oṣù Kẹwàá 1965, "wẹ́tìẹ̀" di orúkọ ìwà dída epo bẹntiróòlù sí ilé àti ara ènìyàn kí wọ́n tó tiná bọ̀ ọ́. Ẹ̀wọ̀n ni Awólọ́wọ̀ wà nígbà tí èyí ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ní orúkọ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fi ń sun ilé aládùúgbò wọn.

Láti ọgbà ẹ̀wọ̀n sí ilé ìṣúra

Ní oṣù Kẹjọ 1966, Ọ̀gágun Gowon tú Awólọ́wọ̀ sílẹ̀ ní Kàlàbá. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó di Kọmíṣọ́nnà fún Ìṣúná àti igbákejì alága ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀. Ibí yìí ni àríyànjiyàn ti le jù lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún 1967, ó sọ fún àwọn olórí Yorùbá ní Ìbàdàn pé bí wọ́n bá jẹ́ kí Ìlà-Oòrùn ya kúrò, Ìwọ̀-Oòrùn náà kò ní dúró. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, ó lọ sí Enúgu láti bẹ Ojukwu. Ojukwu ya, Ìwọ̀-Oòrùn dúró. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìgbò gbà pé ó da àwọn ni. Àwọn tí ó gbè é lẹ́yìn ní kò ṣe ìlérí pé òun yóò jagun. Ìkìlọ̀ ni ó ṣe fún àwọn tí ó fẹ́ jẹ́ kí ilé tú.

Ìṣúná ogun wà lábẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1968, ìjọba pààrọ̀ owó Nàìjíríà, owó àtijọ́ tí ó wà lọ́wọ́ Biafra sì di bébà lásán. Ó fara mọ́ dídí ọ̀nà oúnjẹ. Nígbà tí ogun parí ní 1970, pọ́ùn 20 péré ni wọ́n fún ẹni tí ó ní owó sí báńkì ní ìhà ọ̀hún, ìbáà jẹ́ pé ẹgbẹ̀rún ni ó ti kó pamọ́. Lójú àwọn kan, ọgbọ́n àti ìṣọ́ra rẹ̀ ni ó jẹ́ kí orílẹ̀-èdè la ogun já. Lójú àwọn mìíràn, ọgbọ́n yẹn náà ni ó pa ọmọ wọn. Ẹ wò ó dáadáa: kò sí ẹni tí ó ń jiyàn pé ọ̀bẹ náà mú. Ibi tí ọ̀bẹ náà gé ni wọ́n ń jiyàn lé lórí.

Nílé, wọ́n rí ojú rẹ̀ mìíràn. Ní 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ Agbékọ̀yà dìde sí owó-orí, ìjọba sì fi ìbọn dá wọn lóhùn. Nígbà tí agbára kò ràn án mọ́, Awólọ́wọ̀ ni ó lọ bá olórí wọn, Tàfá Adéoyè, jókòó. Wọ́n dín owó-orí kù, àlàáfíà sì padà. Àwọn àgbẹ̀ tí kò gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu gbọ́ tirẹ̀. Ní 1971, ó fi iṣẹ́ ìjọba Gowon sílẹ̀.

Ìdá méjì nínú mẹ́ta, 1979

Ní oṣù Kẹsàn-án 1978, lẹ́yìn tí ìjọba ológun gba ìṣèlú láàyè padà, ẹgbẹ́ UPN jáde pẹ̀lú ìlérí mẹ́rin: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ nílé ìwòsàn, ìdàgbàsókè ìgbèríko, àti iṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Ètò náà yé àgbà, ó yé ọmọdé.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ òfin ilẹ̀ tuntun ti ronú lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láti 1962 dé 1970. Wọ́n ní kì í ṣe ìbò púpọ̀ nìkan ni a ó fi di ààrẹ. Olúdíje gbọ́dọ̀ rí ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀. Lójú tèmi, òfin yìí fi ìtumọ̀ kan fún "yíyẹ": ẹni tí àwọn tí kì í ṣe ènìyàn rẹ̀ kò bá gbà, kò tíì yẹ, bí ó ti wù kí ó mọ iṣẹ́ tó.

Ní oṣù Kẹjọ 1979, Àlàájì Shehu Shagari gba ìbò 5,688,857, Awólọ́wọ̀ gba 4,916,651. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ìbò rẹ̀ lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Kano, kò tó ìdá 2. Ní Anambra àti Imo, kò tó ìdá 1, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ Ìgbò, Philip Umeadi, ni ó fi ṣe igbákejì. Àwọn alátakò ní ẹ̀rí nìyẹn. Wọ́n tún ní bí ó ṣe yan Kristẹni ará Gúúsù mìíràn mọ́ra fi hàn pé kò tilẹ̀ wo ojú Àríwá.

Síbẹ̀, Shagari náà kò mókè tán. Ìpínlẹ̀ 19 ni ó wà nígbà náà, ìdá méjì nínú mẹ́ta 19 sì jẹ́ 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta. Shagari ní ìdá kan nínú mẹ́rin ní ìpínlẹ̀ 12. Ní Kano tí ó ṣe ìkẹtàlá, ìdá 19.94 ni ó ní. Ǹjẹ́ ènìyàn lè ya ìpínlẹ̀ sí mẹ́ta bí ìgbà tí à ń gé iṣu? Olóyè Richard Akínjídé, agbẹjọ́rò ọmọ Ìbàdàn, ní ó ṣeé ṣe. Awólọ́wọ̀ lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹsàn-án 1979, ilé ẹjọ́ tí Adájọ́ Fátáì-Williams darí fi ara mọ́ Shagari. Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ nìkan ni ó ní òun kò gbà.

Kí á má gbàgbé ohun kan tí àwa ọmọ Ògùn kì í fẹ́ sọ. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ rí ìdá kan nínú mẹ́rin ní ìpínlẹ̀ 6 péré: Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó, Bendel àti Kwara. Bí ilé ẹjọ́ bá ti ní ìpínlẹ̀ 13 ni òfin wí, ìpele kejì ìdìbò ni ọ̀rọ̀ náà ìbá kàn, kì í ṣe àga ààrẹ fún un. Ẹjọ́ náà lè ṣàì tọ́, síbẹ̀ kí ẹni tí ó pè é má tíì gba ìgbẹ́kẹ̀lé tí òfin ń béèrè.

Ìwé ìròyìn méjì, ìbéèrè ní Abẹ́òkúta

Láti 1980, àríyànjiyàn náà wọ inú ìwé ìròyìn. Nigerian Tribune, tí Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní 1949, ń sọ tirẹ̀. Olóyè Moshood Abíọ́lá, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó wà nínú ẹgbẹ́ NPN ti Shagari, dá Concord sílẹ̀, ó sì ń sọ òdì kejì. Concord gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Awólọ́wọ̀ ní Maroko, l'Ékòó, síta: wọ́n bèèrè irú ọ̀rẹ́ mẹ̀kúnnù tí ó ní ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn ni àwọn méjèèjì, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìjà ẹ̀yà lásán ni.

Ní àwọn ìpínlẹ̀ márùn-ún tí UPN ń ṣàkóso, ìlérí di iṣẹ́. Bísí Ọnàbánjọ dá yunifásítì ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè ní 1982. L'Ékòó, Lateef Jákàńdè kọ́ kíláàsì lọ́pọ̀ yanturu, ó sì fòpin sí ètò ilé ìwé àárọ̀ àti ọ̀sán. Àwọn alátakò ní ilé adìyẹ ni ó kọ́. Ìdáhùn àwọn òbí ni pé ọmọ àwọn jókòó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ọdún 1962 náà padà wá. Ní 1984, ilé ẹjọ́ ológun rán Ọnàbánjọ lẹ́wọ̀n nítorí owó tí ó bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́.

Lórí ètò ọrọ̀ ajé, Awólọ́wọ̀ kọ̀wé sí Shagari ní 1981 pé ọkọ̀ orílẹ̀-èdè ń lọ forí sọ àpáta. Àwọn ènìyàn ìjọba ní ọ̀rọ̀ ẹni tí ìbò dùn ni. Nígbà tí ó di oṣù Kẹrin 1982, Shagari fúnra rẹ̀ gbé òfin ìṣọ́wó-ná jáde, láti dín ọjà tí à ń kó wọlé kù.

Kí ìbò 1983 tó wáyé, àwọn oníròyìn bi í léèrè ní Abẹ́òkúta, ní gbangba, nípa ogun. Wọ́n béèrè nípa oúnjẹ, nípa owó tí wọ́n pààrọ̀, àti nípa pọ́ùn 20. Kò sá. Ó ní àwọn ọmọ ogun ni ó ń gba oúnjẹ náà lójú ọ̀nà, kì í dé ọwọ́ àwọn ọmọ tí ebi ń pa, àti pé wọ́n ti kó owó ní báńkì ìjọba, wọ́n ìbá sì fi ra ohun ìjà. Àlàyé ẹni tí ó mọ ìṣirò ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú kò wá ìṣirò, ó ń wá ẹni tí yóò bá a kẹ́dùn. Mo rò pé níbẹ̀ ni èkù ọ̀bẹ náà ti sọnù. Nínú ìbò náà, bí ó tilẹ̀ mú Muhammadu Kura láti Bauchi ṣe igbákejì, wọ́n ka 7,907,209 fún un, wọ́n sì ka 12,081,471 fún Shagari. Àwọn ẹgbẹ́ alátakò ní èrú pọ̀ nínú ìṣirò náà. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1983, àwọn ológun gba ìjọba.

Kí ni a rí kọ́?

Awólọ́wọ̀ kú ní ọjọ́ 9, oṣù Karùn-ún 1987. Ojukwu, tí ó jẹ́ olórí Biafra, ni ó sọ pé òun ni ààrẹ tí ó dára jù lọ tí Nàìjíríà kò ní. Àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn láti fi ọ̀rọ̀ yìí pa àríyànjiyàn rẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ a bá kú làá dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ìwé tí Chinua Achebe kọ nípa ogun náà ní 2012 fi hàn pé ẹjọ́ náà kò tíì tán.

Ìtàn Abíọ́lá tún fi kún un. Ó fi NPN sílẹ̀ ní 1982. Ní 1993, ó díje lábẹ́ SDP, ẹgbẹ́ tí ìjọba ológun pè ní ti apá òsì díẹ̀. Ó rí ìbò ní Àríwá àti Gúúsù, títí kan Kano, wọ́n sì fagi lé e. Olóyè Adékúnlé Ajásin, ọmọlẹ́yìn Awólọ́wọ̀ gidi, ni ó ṣe olórí àwọn tí ó jà fún un nínú NADECO ní 1994. Àwọn tí ó ka Concord ní ibínú ní 1980 ni wọ́n wá ń fi ẹ̀mí ara wọn wéwu fún ẹni tí ó ni ín.

Ní èrò tèmi, ohun méjì ni à ń béèrè nígbà tí a bá ní ẹnì kan yẹ láti ṣe ìjọba. Èkíní ni pé ǹjẹ́ ó mọ iṣẹ́? Èkejì ni pé ǹjẹ́ ẹni tí kò dìbò fún un lè sùn bí ó bá wọlé? Awólọ́wọ̀ dáhùn èkíní ju ẹnikẹ́ni nínú ìgbà rẹ̀ lọ. Èkejì kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan, nítorí pé ẹlòmíràn ni ń gbẹ́ èkù fún ọ̀bẹ. Ó ní ibi tí ó ti kùnà láti wá agbẹ́gi. Ó sì ní ibi tí àwọn agbẹ́gi ti kọ̀ láti wo ọ̀bẹ náà rárá.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, ẹ pín kíláàsì sí méjì. Kí ìhà kan gbè é lẹ́yìn, kí èkejì takò ó, kí wọ́n sì wá pààrọ̀ ìhà ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láìní ọdún àti ẹ̀rí. Ẹ bi ọmọ tí ó jẹ́ Ìgbò ní ohun tí wọ́n sọ fún un nílé, ẹ bi ọmọ Rẹ́mọ náà, kí àwọn méjèèjì sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn tán. Àgbà tí ó gbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, òṣìkà ni, àwọn ọmọ tí a ń kọ́ lónìí ni yóò sì máa dìbò lọ́la.